Ta ni Gòlóbà? Àlàyé lórí orúkọ òyìnbó kan tí àríyànjiyàn rẹ̀ kì í tán ní Èkó

Nígbà tí ìjọba ìdàgbàsókè Bàrígà yí orúkọ Charly Boy Bus Stop padà ní oṣù Keje ọdún 2025, ọ̀rọ̀ orúkọ àdúgbò tún gba ẹnu tọmọdé tàgbà ní Èkó. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó amúnisìn. Bí ti Bàrígà bá ṣe é yí, kí ni Glover Road ṣì ń ṣe ní Ìkòyí? Kí ni Glover Street ń wá ní Èbúté-Mẹ́ta? Gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall tó wà ní Customs Street ńkọ́?

Ibẹ̀ ni ìtàn ti máa ń lọ́ pọ̀. Ẹnìkan á ní Glover, òyìnbó aláṣẹ Èkó tí wọ́n fi sọ àwọn ibi wọ̀nyí lórúkọ, ló yin àgbá lu Èkó. Ẹlòmíràn á ní òun ló gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ẹ̀kẹta á ní òun ló dá iṣẹ́ ológun Nàìjíríà sílẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ní òótọ́ nínú, àmọ́ ó gba àlàyé.

Ta ni Glover gan-an?

John Hawley Glover ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Àwọn ará Èkó ni wọ́n sọ ọ́ di Gòlóbà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pè é ní Ọba Gòlóbà. Ọdún 1829 ni wọ́n bí i ní Yateley, ní agbègbè Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá péré ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ogun ojú omi ní 1841.

Ìwọ̀n ló kọ́ kó tó mọ ogun. Ọ̀pọ̀ ọdún ìgbà èwe rẹ̀ ló fi wà nínú àwọn ọkọ̀ tó ń ya àwòrán etíkun Mẹditaréníà. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ orí omi kò rọrùn: wọn á ju okùn tí òjé wà nídìí rẹ̀ sísàlẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí omi ṣe jìn tó, wọn á sàmì sí ibi tí àpáta fara pamọ́ sí àti ibi tí yanrìn ń wọ́ jọ, wọn á wá ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kí atukọ̀ tí kò débẹ̀ rí lè wọlé láìrì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé e lọ sójú ogun ní Burma, níbi tó ti fara gbọgbẹ́ púpọ̀ ní 1853.

Kì í ṣe ohun tuntun láyé ìgbà náà kí awọnlẹ̀ orí omi di aláṣẹ ìlú. Robert FitzRoy, tó tu ọkọ̀ tí Charles Darwin bá lọ, wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1841, ó sì di gómìnà New Zealand ní 1843. Ní ti Glover, ìjọba ló ń yàn án sípò, kò gba ìdìbò kankan wọlé. Síbẹ̀, òṣèlú ni iṣẹ́ tó ṣe jù láyé rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti kọ́ ọ.

Báwo ló ṣe mọ ilẹ̀ Yorùbá?

Odò Ọya ló gbé e dé. Ní 1857, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Dayspring gba odò náà gòkè, oníṣègùn William Balfour Baikie sì ni olórí ìrìn àjò náà. Glover ni awọnlẹ̀ wọn. Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, tí kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ forí sọ àpáta nítòsí Jẹ̀bbá, ó sì rì. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò bá a lọ, wọ́n pàgọ́ sétí odò, wọ́n ń retí ọkọ̀ mìíràn. Ó lé ní oṣù mélòó kan kó tó dé.

Níbẹ̀ ni Glover ti ra ìwé kan lọ́wọ́ àwọn ará agbègbè náà, ìwé ìṣirò tó jẹ́ ti Mungo Park, arìnrìn-àjò tó kú sínú odò kan náà ní Bùsá ní 1806. Ìwé táwọn awọnlẹ̀ fi ń ṣírò ni. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí olówó rẹ̀ ti kú, ẹni tó mọ ìlò rẹ̀ ló tún bọ́ sí lọ́wọ́.

Nítorí oúnjẹ àti ẹrù, Glover fẹsẹ̀ rìn láti apá Jẹ̀bbá, ó gba Ìlọrin àti àwọn ìlú Ọ̀yọ́ wá sísàlẹ̀, títí tó fi dé Èkó. Ìrìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ṣe ń kà á sí lọ. Kí ó tó di aláṣẹ Èkó, ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀nà ti ń gbà, ó ti rí ẹnubodè tí wọ́n ń dá oníṣòwò dúró sí àti ẹni tó ń gba owó níbẹ̀. Ìjà tó máa gba ọdún mẹ́wàá gbáko mọ́ ọn lọ́wọ́, orí ọ̀nà yẹn náà ni.

Ṣé òun ló gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú?

Rárá. Ogun Àgídìngbì tí wọ́n fi lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè wáyé ní oṣù Kejìlá 1851. Ọ̀gágun orí omi Henry William Bruce ló darí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Glover kọ́. Akíntóyè ni wọ́n dá padà sórí ìtẹ́. Nígbà tó wàjà ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú jọba.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tó sọ Èkó di ti ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Norman Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Prometheus, àti William McCoskry, adelé kọ́ńsùlù, ni wọ́n gbé ìwé náà ka iwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ogun ti gúnlẹ̀ sínú ọ̀sà kí ọba tó buwọ́ lù ú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òpìtàn fi ń sọ pé kì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣèlérí 1,200 àpò owó ẹyọ fún un lọ́dún.

Henry Stanhope Freeman ni gómìnà àkọ́kọ́. Oṣù Kẹrin 1863 ni Glover kọ́kọ́ di adelé, ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ sì wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò tó tẹ̀ lé e títí di 1872. Láti 1866, gómìnà àgbà tó wà ní Sàró (Sierra Leone) ló wà lórí rẹ̀, alábòójútó ni wọ́n sì ń pe ipò Glover. Ẹni tó bá ka ìwé kan tó ní “gómìnà”, tó ka òmíràn tó ní “alábòójútó”, kó mọ̀ pé ẹnìkan náà ni wọ́n ń sọ.

Kí ló fa ìjà lórí ọ̀nà?

Èkó kò gbin ọ̀pẹ. Epo tó ń kó ránṣẹ́ sókè òkun, ilẹ̀ òkè ló ti ń wá: ó ń gba odò Ògùn kọjá lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, ó sì ń gba ọjà àwọn Ìjẹ̀bú. Owó orí ọjà tí wọ́n ń gbà ní èbúté sì ni ìjọba Èkó fi ń jẹun. Bí Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde bá ti ọ̀nà, àpò ìjọba Èkó ni wọ́n tì pa.

Ohun tó mú un le sí i ni ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862. Ìbàdàn ló bá Kúrunmí, olórí Ìjàyè, jà. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ṣùgbọ́n ìlú náà tú. Ìbàdàn wá di alágbára tí kò ní ọ̀nà òkun. Ó nílò ìbọn àti ẹ̀tù, iyọ̀ àti aṣọ, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló sì jókòó sójú ọ̀nà. Lójú àwọn Ẹ̀gbá, bí wọ́n bá ṣí ọ̀nà fún Ìbàdàn, ìbọn tó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí yóò yíjú sí wọn lọ́la. Kò pẹ́ rárá tí ogun Dàhọ̀mì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ní 1864, wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ ìbọn ṣeré.

Ìdí mìíràn tún wà, ìyẹn iṣẹ́ agbódegbà. Oníṣòwò Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló ń ra ọjà lọ́wọ́ ará òkè, tó ń tà á fún ará Èkó, oníbodè sì ń gba tirẹ̀. Tí ará Ìbàdàn bá ń rìn tààrà dé ọ̀sà, iṣẹ́ wọn parí. Glover ka èyí sí ìdènà òwò. Àwọn tó ni ilẹ̀ kà á sí ẹ̀tọ́ wọn.

Ìkòròdú ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ bẹ́. Ìlú náà ń bá Ìbàdàn ṣòwò, ni àwọn Ẹ̀gbá bá gbógun lọ, wọ́n sàga tì í. Ní òpin oṣù Kẹta 1865, Glover rán ọmọ ogun West India Regiment, àwọn aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù Karibíánì, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Haúsá tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ lọ síbẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n yìn sí àgọ́ àwọn Ẹ̀gbá. Àwọn Ẹ̀gbá kò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì tú ká pẹ̀lú òkú púpọ̀. Ìkòròdú bọ́. Abẹ́òkúta kò gbàgbé.

Ó yẹ ká fi kún un pé lọ́dún kan náà, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jábọ̀ pé kí wọ́n má fẹ ilẹ̀ sí i mọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù ń sọ àti ohun tí Glover ń ṣe kò bára mu, nǹkan sì ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méje sí i.

Kí ni àwọn Ẹ̀gbá sọ?

Ẹni tó bá rò pé ìbínú nìkan ni wọ́n fi dáhùn kò tíì gbọ́ nípa George William Johnson. Télọ̀ ni, ọmọ Sàró tó padà sílé. Ní 1865, òun àti Baṣọ̀run Ṣómóyè gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Egba United Board of Management, tí Ṣómóyè jẹ́ ààrẹ rẹ̀, tí Johnson sì jẹ́ akọ̀wé. Èrò wọn ni pé kí ìlú àwọn dúdú ní ìjọba tó ń kọ̀wé, tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, tó sì ń gba owó orí ọjà ní ẹnubodè bí Èkó ṣe ń gbà á. Bí Glover bá lè gba owó lórí epo ní etí òkun, kí ló dé tí Abẹ́òkúta ò ní lè gbà á lórí odò Ògùn?

Ìbéèrè yẹn kò rọrùn láti dáhùn. Glover kò gbà pé ìgbìmọ̀ náà jẹ́ ìjọba. Ó lọ fi ọlọ́pàá sí àwọn ibi kan lórí ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá ní tiwọn ni. Ibo ni ilẹ̀ Èkó parí sí, ibo ni ti Ẹ̀gbá ti bẹ̀rẹ̀? Kò sí ẹni tó tíì fẹnu kò lé e lórí.

Ní oṣù Kẹwàá 1867, ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Wọ́n ya wọ ilé ìjọsìn àti ilé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ní Abẹ́òkúta, wọ́n kó ẹrù, wọ́n ba nǹkan jẹ́, àwọn òyìnbó sì kúrò nílùú. Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru Johnson àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn, tí àwọn ọ̀rẹ́ míṣọ́nnárì pàápàá wà nínú wọn, sọ pé ọlọ́pàá tí Glover kó sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló fa wàhálà. Àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tó sá wá sí Èkó, Glover fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. Ó wọn ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ bí awọnlẹ̀, ó la òpópónà gbọọrọ gbọọrọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n pè ní Àgọ́ Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá mọ Èbúté-Mẹ́ta tó sì ti ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àwọn òpópónà ibẹ̀ fi tò bẹ́ẹ̀, ìdáhùn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹrú ńkọ́?

Òun ló fa ìkorò ọkàn jù lọ. Nítorí Èkó ti di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹrú tó bá fẹsẹ̀ kàn án ti di òmìnira. Àwọn ẹrú láti Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ń sá wá. Olówó wọn á ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá wọn padà, Glover kò ní dá wọn padà. Lójú olówó ẹrú, olè ni. Lójú ẹrú tó sá, olùgbàlà ni.

Síbẹ̀ ọ̀ràn náà kò mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀. Ní Èkó fúnra rẹ̀, àwọn ìjòyè àti oníṣòwò ńlá ṣì ní èèyàn lábẹ́ wọn, Glover kò sì lè fọwọ́ líle mú wọn torí pé àwọn ló fi ń ṣèlú. Lára àwọn tó sún mọ́ ọn jù ni Táíwò, ọmọ Ìṣẹrí, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Táíwò Olówó. Òun ló ń bá a rìn láàárín àwọn Ìṣẹrí àti àwọn ará odò Ògùn. Ọrọ̀ rẹ̀ àti agbára Glover jọ ń dàgbà ni.

Ṣé lóòótọ́ ni iṣẹ́ ológun Nàìjíríà ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ìtàn tí àwọn ológun fúnra wọn ń sọ mẹ́nu ba 1863 àti àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní “Glover Hausas”. Láti ìgbà ìrìn àjò odò Ọya ni Haúsá tó ti jẹ́ ẹrú rí ti ń tẹ̀ lé e. Ní Èkó, ó kó àwọn tó sá tọ̀ ọ́ wá jọ, ó fún wọn ní ìbọn àti aṣọ iṣẹ́. Ó ní ìdí tó fi yàn wọ́n: wọn kò ní ẹbí ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta tí yóò mú kí ọwọ́ wọn rọ̀, wọn kò sì lè padà sọ́dọ̀ olówó wọn. Òun nìkan ni wọ́n ní.

Ẹgbẹ́ kékeré yìí ló di ọlọ́pàá ológun Èkó, tó wá wọ inú West African Frontier Force tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún náà, tó sì di ara Nigeria Regiment ní 1914. Nítorí náà òótọ́ ni pé gbòǹgbò kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Nàìjíríà ní 1863, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé àwọn Haúsá náà lọ́wọ́ ni ṣíṣọ́ òwò Èkó àti ṣíṣí ọ̀nà lórí àwọn tó ni ọ̀nà. Àwọn tó ń sọ pé ológun wa ti kọ́kọ́ jẹ́ ti amúnisìn kó tó di ti ará ìlú, ibí yìí ni wọ́n máa ń tọ́ka sí.

Kí ló dé tí wọ́n yọ ọ́?

Nígbà tó fi máa di 1872, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti jùmọ̀ ti ọ̀nà. Owó kò wọlé. Glover ní ìdáhùn awọnlẹ̀: bí ìwọ̀-oòrùn bá dí, wá ọ̀nà ìlà-oòrùn. Ó rán Captain Goldsworthy gba ọ̀sà lọ sí apá Oǹdó, ibi tí ọ̀nà kan ti lè dé Iléṣà àti Ìbàdàn láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá. Oǹdó ti tú nígbà náà nítorí ìjà abẹ́lé. Ìlàjà tí Goldsworthy ṣe níbẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn èèyàn padà sí Òde-Oǹdó.

Àwọn oníṣòwò Èkó pín sí méjì. Àwọn kan ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, àwọn mìíràn ní àgídí rẹ̀ ló ń pa òwò àwọn. Ní oṣù Kẹrin, gómìnà àgbà tuntun, John Pope Hennessy, ti Sàró dé. Ó gbọ́ ẹjọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, wọ́n sì jẹ́ kó yé e pé Glover fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń ká wọn lára. Hennessy gbà pé ọmọ onílẹ̀ ló láṣẹ lórí ọ̀nà rẹ̀. Ó yọ Glover, ìyẹn sì wọkọ̀ kúrò ní Èkó lọ́dún náà.

Ta ló jàre? Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn á ní ọ̀nà Oǹdó tó là kò ṣòfò: òun ni ìbọn gbà dé ọ̀dọ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nígbà ogun Kírìjì, tí wọ́n fi dúró de Ìbàdàn. Àwọn alátakò rẹ̀ á ní ìlànà tó gbìn, pé kí Èkó fi agbára ṣí ọ̀nà, ni ìjọba Èkó fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbòn ní 1892. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jóòótọ́.

Kí ló ṣe lẹ́yìn náà?

Ní 1873, ogun Asante, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ghana lónìí, pè é padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó kó Haúsá àti Yorùbá jọ, ó gba odò Volta gòkè, ó dé Kumasi ní oṣù Kejì 1874 lẹ́yìn tí ọ̀gágun Wolseley ti dáná sun ún, tó sì ti kúrò níbẹ̀. Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá. Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣe gómìnà Newfoundland, tó jẹ́ ara Kánádà lónìí, ó ṣe ti Leeward Islands, ó tún padà sí Newfoundland. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Glovertown títí di òní. Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí ní 1885.

Ọdún 1887 ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìrántí rẹ̀ ní Èkó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han ará Èkó ní 1903, ibẹ̀ náà sì ni Hubert Ògúnǹdé ti gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1944. Èyí wà lára ìdí tí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn náà fi ṣòro ju ti òpópónà lọ: ọ̀pọ̀ tó bá dárúkọ rẹ̀, eré ni wọ́n ń rántí.

Ta ló lè yí orúkọ náà padà?

Àwọn tó fẹ́ kó kúrò ń sọ pé kò yẹ kí ìlú máa bọlá fún ẹni tó yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ọmọ Yorùbá nítorí owó ibodè. Àwọn tó ní kó dúró ń sọ pé àwọn ará Èkó ìgbà náà fúnra wọn ló fẹ́ràn rẹ̀, àti pé bí a bá pa orúkọ rẹ́, a ò tíì pa ohun tó ṣẹlẹ̀ rẹ́. Àwọn kan wà láàárín tí wọ́n fẹ́ kí orúkọ wà, kí wọ́n sì fi pátákó àlàyé sí i.

Ní ti òfin, ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi sísọ òpópónà lórúkọ sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ló ni ọ̀rọ̀ Glover Road ti Ìkòyí, Lagos Mainland ló sì ni ti Èbúté-Mẹ́ta. Ohun tí ẹ̀ka òfin yẹn dárúkọ ni òpópónà àti nọ́ńbà ilé. Kò sọ nǹkankan nípa orúkọ gbọ̀ngàn.